Agolo Kejìlá Bàbá Awọnlẹ̀

Iṣẹ́ àga títúnṣe ni ọkùnrin náà ń ṣe, Onítìmùtìmù sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àga tí ìdí ènìyàn ti jẹ tán, tí fọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ikùn ẹni tó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Á dojú rẹ̀ délẹ̀, á fi irin ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ yọ àwọn ìṣó wẹ́wẹ́ ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á bó aṣọ kúrò lára rẹ̀ bí ẹni bó ọsàn, á wá ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an layọ̀ rẹ̀ wà. Kò sí àga àgbà tí kì í gbé nǹkan mì. Ó ti rí bọ́tìnì, ó ti rí kọ́kọ́rọ́, ó ti rí yẹtí ẹyọ kan ṣoṣo, ó ti rí eyín ọmọdé tí wọ́n fi bébà wé, ó sì ti rí lẹ́tà ìfẹ́ kan tí ẹni tó kọ ọ́ kò fi ránṣẹ́ láéláé.

Alágbàfọ̀ ni ìyàwó rẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé ìfọṣọ rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù ọkọ. Obìnrin náà a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá ọmọ mi, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé yín sínú pósí, ẹ ó kọ́kọ́ tú tìmùtìmù inú rẹ̀ wò ná kí ẹ tó sùn."

Nítorí náà, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà tí eré àwárí wọ̀ ọ́ lára. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló fi hàn án lórí fóònù nígbà tó wá kí wọn. Eré náà kò le. Ẹnì kan á mú agolo tàbí ike kékeré, á fi ìwé pélébé àti pẹ́ńsù sínú rẹ̀, á fi pamọ́ síbi tí ojú lásán kò ti ní tètè rí i, á wá fi nọ́ńbà ibi tó wà sórí máàpù inú fóònù. Ẹlòmíràn á tẹ̀lé nọ́ńbà náà, á wá a kiri. Bó bá rí i, á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yẹn, á dá agolo padà sí àyè rẹ̀ bó ṣe bá a, á sì ròyìn sórí fóònù kí gbogbo ẹgbẹ́ lè kà á. Kò sí ẹ̀bùn níbẹ̀, kò sí owó. Ayọ̀ pé èèyàn rí nǹkan tí ẹlòmíràn fi pamọ́ ni èrè rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wọn kò ju ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, wọ́n á pàdé lẹ́yìn ilé ìkàwé, lórí àwọn bẹ́ǹṣì abẹ́ igi, oníkálukú á sì máa sọ ohun tó rí, àti ibi tó ti wá nǹkan títí tí ọlọ́pàá fi bi í léèrè ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ni olórí wọn. Olùkọ́ ni wọ́n ń pè é. Awakọ̀ wà nínú wọn pẹ̀lú, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù, ẹlẹ́rìn-ín ènìyàn tí ìdí rẹ̀ kì í gbébì kan. Àgbà ẹgbẹ́ ni Bàbá Awọnlẹ̀.

Ogójì ọdún ni Bàbá Awọnlẹ̀ fi wọn ilẹ̀ fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí ọ̀pá tó fi ń wọnlẹ̀ láyé ọjọ́un. Kò sí ẹni tó mọ nǹkan fi pamọ́ tó o. Agolo méjìlá ló fi pamọ́ káàkiri ìlú, ó tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn jù lọ dé orí èyí tó le jù lọ, ó sì wí fún ẹgbẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí méjèèjìlá ni yóò jókòó ti òun lórí bẹ́ǹṣì, tí àwọn yóò jọ pète ìkẹtàlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á lè rẹ́rìn-ín pé kí lèyí jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ yẹn, ó tó oyè.

Onítìmùtìmù ti rí mọ́kànlá. Awakọ̀ náà ti rí mọ́kànlá. Kejìlá ló kù, èyí tó wà lábẹ́ afárá àtijọ́ létí odò, níbi tí àtẹ̀gùn òkúta tóóró kan ti sọ̀ kalẹ̀ lọ bá omi.

Sátidé kan lọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Onítìmùtìmù ti pinnu pé òun ń lọ sí abẹ́ afárá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ilé ìtura kan ti gbé àga mẹ́jọ fún un, ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ gbà á, ó sì ku mẹ́ta tí kò tíì fọwọ́ kàn. Ló bá jókòó ti iṣẹ́. Ó ń fa aṣọ, ó ń kan ìṣó. Ojú rẹ̀ wà lára àga, ọkàn rẹ̀ wà létí odò. Nígbà tó di ọ̀sán, fóònù rẹ̀ dún. Awakọ̀ ló kọ̀wé sí gbogbo ẹgbẹ́: "Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará! Lọ́la tí mo bá ti já àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ sílẹ̀ tán, mo ń lọ gbé kejìlá. Ẹ bá mi fọ bẹ́ǹṣì Bàbá sílẹ̀."

Àwọn tó kù ń fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Onítìmùtìmù kò rẹ́rìn-ín. Nǹkan kan gbóná fòò láyà rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló ti ń bá eré yìí bọ̀, nínú òjò, nínú oòrùn. Ṣé ọmọ àná yìí ni yóò wá fi ìrọ̀rùn gbà á mọ́ òun lọ́wọ́ nítorí àga ilé ìtura?

Òfin kan sì wà nínú eré náà. Bí ẹnì kan bá ròyìn pé agolo kan ti sọnù, àmì pupa ni wọ́n ń fi sí i lórí máàpù. Kò sí ẹni tí wọ́n máa kà á fún mọ́, àfi ìgbà tí ẹni tó ni ín bá lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó pa òòlù tì. Ó fi àtàǹpàkò kọ ọ́, pẹ̀lú ìṣó mẹ́ta tó ṣì há sáàárín ètè rẹ̀: "Mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo wá a lókè, mo wá a nílẹ̀. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó jọ pé omi ló gbé e lọ." Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó fi í ránṣẹ́, ó sì tún gbé òòlù. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju pé kí Bàbá lo ọ̀sẹ̀ kan kó tó ráyè lọ wò ó, kí òun ti ráyè lọ kí Awakọ̀ tó tún múra. Irọ́ kékeré ni. Ta ni yóò pa lára?

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá Awọnlẹ̀ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé nǹkan rẹ̀ sọnù kó fi í di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, bí ilẹ̀ ti ń mọ́, ó wọ bàtà òjò, ó mú agolo tuntun sínú àpò nítorí bóyá ti tẹ́lẹ̀ ti lọ lóòótọ́, ó sì gba etí odò lọ. Ewédò ti bo àwọn òkúta àtẹ̀gùn yẹn. Nígbà tó ń gòkè bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì fi ìbàdí balẹ̀. Wákàtí méjì ló fi dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kí tọkọtaya kan tó ń sáré ìmárale tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Olùkọ́ ló pe Onítìmùtìmù lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Ẹ jókòó ná kí n tó sọ ọ́," ni Olùkọ́ wí.

"Mo ti jókòó. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Bàbá ṣubú létí odò. Egungun ìbàdí ló ṣẹ́. Wọ́n ní wọ́n máa fi irin sí i lọ́la."

Onítìmùtìmù gbé fóònù sí etí kejì.

"Ṣé ẹ mọ ohun tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín pa èèyàn lẹ́kún níbẹ̀?" Olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ lọ. "Agolo náà wà níbẹ̀! Bàbá rí i, ó dá a padà, bó ṣe ń bọ̀ ló ṣubú. Ẹ ò kàn rí i ni. Mo mọ̀ yín, ẹ má lọ fi ọ̀rọ̀ yìí da ara yín láàmú o. Ojú kì í rí i tán. Èmi náà ti jókòó lé agolo rí, tí mò ń wá a."

Níbi yìí gan-an ló yẹ kó sọ ọ́. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Bóyá ojú mi ni. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran dáadáa mọ́." Olùkọ́ tún bá a kẹ́dùn ojú rẹ̀. Ó ní kó lọ wá dókítà.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó lọ sí ọsibítù. Yàrá tó ní ibùsùn mẹ́fà ni, Bàbá Awọnlẹ̀ sì wà lórí èyí tó sún mọ́ fèrèsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ dókítà eyín, jókòó tì í. Bí obìnrin náà ti rí Onítìmùtìmù, ńṣe ló dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì gbé àga fún un.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá ti ń dárúkọ yín láti àárọ̀."

Onítìmùtìmù kò tíì jókòó. "Wọ́n ń dárúkọ mi?"

"Mò ń dárúkọ rẹ ni," Bàbá dáhùn pẹ̀lú ohùn tínrín. "Ọmọ mi, má bínú sí mi."

"Kí ni mo fẹ́ bínú lé lórí, Bàbá?"

"Èmi ni mo fi í sí ibi tó ṣòro jù. Mo fi agídí ṣe é. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ̀fọ̀ wà níbẹ̀, mo jẹ́ kó o lọ máa tẹ̀ ẹ́ kiri lórí òfo. Gbọ́ nísinsìnyí: ẹ̀yìn òkúta kẹta ló wà, lára òpó tó wà lọ́wọ́ òsì. Ọwọ́ wo lo wò?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú rẹ̀ dùn pé bàbá òun rí nǹkan tó lè mú un gbàgbé ìrora. Àwọn méjèèjì ń wo ẹnu Onítìmùtìmù.

"Ọ̀tún," ni Onítìmùtìmù wí.

"Háà! Mo mọ̀!" Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ lu ibùsùn. "Mo sọ fún ọmọ yìí pé ọwọ́ ọ̀tún lo máa wò. Gbogbo ẹni tó bá ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún kan ìṣó, ọ̀tún ló ń wò."

Ó fi àtàǹpàkò pa irọ́ kìíní, ó fi ẹnu pa èkejì lórí fóònù, ó wá pa ẹ̀kẹta lójú ẹni tó ṣẹ́ léegun. Nígbà tó jáde, ó jókòó sórí òkúta níwájú ọsibítù títí tí ẹ̀ṣọ́ fi bi í bóyá èèyàn rẹ̀ kú ni.

Láti ìgbà náà, ara rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́. Bí fóònù bá dún, á ta gìrì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe oore bí ẹni tí wọ́n rán. Ó gbọ́ pé ẹni tí wọ́n fi irin sí ìbàdí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jókòó sórí àga kúkúrú, ló bá mú igi tó le, ó kan àga gíga kan fún Bàbá. Ó gé fọ́ọ̀mù oríṣi méjì lé ara wọn, èyí tó le nísàlẹ̀, èyí tó rọ̀ lókè. Ó fi aṣọ aláwọ̀ ewé bò ó, ó sì rán etí rẹ̀ lọ́wọ́, láìlo ẹ̀rọ. Nígbà tí Bàbá padà sílé, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ.

Ọmọ Bàbá sunkún nígbà tó rí i. "Ẹ̀gbọ́n, kí la fẹ́ fi san án fún yín?" Kò mọ̀ pé ńṣe lòun ń ti ìṣó bọ ọkùnrin náà lára. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń lọ kí wọn, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń dúpẹ́. Ẹni tí wọ́n bá bú, á lè bínú. Ẹni tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ bà jẹ́, kí ló fẹ́ ṣe?

Bóyá ìbá máa bá a bẹ́ẹ̀ lọ títí ọ̀rọ̀ náà á fi kú mọ́ ọn nínú, bí kì í bá ṣe ti Awakọ̀. Ìpàdé kan kọjá, Awakọ̀ kò wá. Ó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ orí fóònù. Olùkọ́ ní kí Onítìmùtìmù lọ wò ó, nítorí òun ló sún mọ́ ibùdó bọ́ọ̀sì jù.

Ó bá a nínú ọgbà tí wọ́n ti ń fọ bọ́ọ̀sì. Kò sí nídìí ọkọ̀. Ó gbé garawa dání, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gígùn fọ táyà. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé wọ́n ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ ni, àbúrò?"

"Èmi ni mo dá a padà fún wọn, ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lórí bíréèkì. Mi ò lè kó ẹ̀mí èèyàn."

"Kí ló dé?"

Awakọ̀ gbé garawa sílẹ̀. "Ẹ má sọ fún wọn o. Èmi ni mo ṣe Bàbá léṣe."

"Kí lò ń sọ?"

"Ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, lẹ́yìn tẹ́ ẹ kọ̀wé pé kò sí níbẹ̀, mo pe Bàbá. Mo ní, 'Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ wò ó kíákíá, ọ̀la ni mo fẹ́ lọ.' Bàbá ní àwọn ń rò ó pé kí oòrùn mú àtẹ̀gùn yẹn gbẹ ná. Mo bẹ̀ wọ́n, ẹ̀gbọ́n. Mo tún fi àwàdà sí i, mo ní ṣé wọ́n ti darúgbó ni." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Wọ́n lọ nítorí mi. Bí mo bá dijú, òkúta yẹn ni mò ń rí. Ìyá mi ní kí n lọ sọ fún Bàbá, mi ò lè lọ. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n?"

Onítìmùtìmù wo garawa náà. Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ló ń ru ẹrù rẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn wálẹ̀, òun sì dúró, òun ń wò ó bí ẹni tó wá ṣe àbẹ̀wò. Ó fọwọ́ kan èjìká ọmọkùnrin náà, ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ," ó sì yíra padà lọ sílé. Ìyẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ gbé. Òtítọ́ ni, àmọ́ ìlàjì òtítọ́ ni, ojú sì tì í ju ìgbà tó purọ́ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ ibùsùn nínú ilé ìfọṣọ. Obìnrin náà di igun méjì mú, òun náà di igun méjì mú. Wọ́n á nà án, wọ́n á rìn pàdé ara wọn, wọ́n á tún padà sẹ́yìn. Ní aṣọ kẹta, Onítìmùtìmù jẹ́ kí igun tirẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò dé etí odò," ló wí.

"Etí odò wo?"

"Ọjọ́ tí mo kọ̀wé pé agolo Bàbá ti sọnù. Mi ò lọ rárá. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà. Mo purọ́ kí Awakọ̀ má baà ṣáájú mi."

Ìyàwó rẹ̀ dúró pẹ̀lú aṣọ funfun náà lọ́wọ́, ìdajì rẹ̀ wà nílẹ̀. Kò pariwo. Ó wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àbàwọ́n tí kò mọ ọṣẹ tó lè yọ ọ́.

"Mo ti rò ó pé ẹ ní àìsàn tẹ́ ẹ ń fi pamọ́ fún mi," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Mo ti ń sunkún lẹ́yìn yín. Ta ló tún mọ̀?"

"Ìwọ nìkan."

"Ẹ má sọ ọ́ fún mi mọ́, èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀. Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ rò pé ẹ ti sọ ọ́ nítorí pé ẹ sọ ọ́ fún mi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ mú òtítọ́ lọ bá wọn." Ó gbé aṣọ tó kan ilẹ̀ padà sínú omi. "Ẹ lọ báyìí. Tó bá di ọ̀la, ẹ máa rí àga míì kàn."

Ó lọ. Bàbá Awọnlẹ̀ wà lórí àga gíga náà níwájú fèrèsé, ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ bu omi fún àlejò. Onítìmùtìmù ní kó má ṣèyọnu, kó jọ̀ọ́ kó jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó kọ̀ láti dìde. Láti ilẹ̀ ibẹ̀ ló ti sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, kò fi ìkankan pamọ́: Sátidé, ọ̀rọ̀ Awakọ̀, ohun tó kọ, ohun tó sọ fún Olùkọ́, àti ọwọ́ ọ̀tún tó sọ lórí ibùsùn ọsibítù.

Bàbá fa ọ̀pá ìtìlẹ̀ kan mọ́ra.

"Nígbà tó o kọ ọ́, níbo lo wà?"

"Ṣọ́ọ̀bù mi, Bàbá."

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń kan àga ilé ìtura."

Bàbá mi orí díẹ̀díẹ̀. "Mo fi wákàtí méjì wo abẹ́ afárá yẹn. Ṣé o mọ ohun tí mò ń rò? Ìwọ ni. Mò ń ṣàánú rẹ. Mò ń sọ fún ara mi pé, ọkùnrin yìí wá nǹkan mi nínú ẹ̀rọ̀fọ̀ yìí, kò rí i, ó sì tún fara balẹ̀ ròyìn fún mi. Mo ní bí Ọlọ́run bá gbé mi dìde, màá lọ fọwọ́ ara mi fi hàn án." Ó gbé ojú sí fèrèsé. "Ọ̀rọ̀ rẹ ni mo fi ń gbàgbé ìrora."

Onítìmùtìmù fi iwájú orí kan ilẹ̀. Bí Bàbá bá fi ọ̀pá nà án, ìbá dùn mọ́ ọn.

Ọmọ Bàbá ló dìde. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ gbé àga yín, kẹ́ ẹ máa lọ."

"Àga kò ṣẹ̀ mí," Bàbá wí. "Fi í sílẹ̀. Ìbàdí mi ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìwọ, máa lọ. Mi ò ní èsì fún ọ lónìí. Awakọ̀ tó bẹ̀ mí pé kí n lọ ni kó o lọ bá, kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ó bá Awakọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ọmọkùnrin náà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín kan tí kò ládùn, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n," ló ń sọ. "Ẹ dúró tì mí lọ́gbà bọ́ọ̀sì, ẹ gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ wá fọwọ́ kàn mí léjìká. Ọwọ́ yẹn, ẹ má fi kàn mí mọ́."

Ó gbà pé kò ní fi kàn án mọ́. Títí di òní, kò fi kàn án.

Ìpàdé tó tẹ̀lé e, ó dìde lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé ìkàwé, ó tún un sọ fún gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni kò bú u. Olùkọ́ kọ́kọ́ wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, "Àwọn mọ́kànlá tó kù ńkọ́? Ṣé ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn?" Ó ní òun dé ibẹ̀. Síbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ènìyàn méjì nínú ẹgbẹ́ lọ káàkiri, wọ́n ṣí agolo mọ́kànlá, wọ́n yẹ ìwé inú wọn wò. Orúkọ rẹ̀ wà nínú gbogbo wọn. Wọ́n ròyìn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyẹn ló dùn ún jù nínú gbogbo rẹ̀, pé òun ti di ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ lọ yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà á.

Awakọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó tún ń kó àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀. Òun ló rí kejìlá nígbẹ̀yìn, òun ló sì jókòó ti Bàbá láti pète ìkẹtàlá, lórí àga inú ilé, nítorí Bàbá kò lè dé bẹ́ǹṣì mọ́. Onítìmùtìmù kà á lórí fóònù bí gbogbo ènìyàn ti kà á. Inú rẹ̀ dùn, kò sì bá wọn fèsì.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí Bàbá Awọnlẹ̀ tó pè é. Kò kí i púpọ̀.

"Àwọn agolo mi ń fẹ́ ẹni tó ń bojú tó wọn," ló wí. "Èmi ò ní ẹsẹ̀ tí mo fi ń lọ mọ́. Oṣooṣù ni kó o máa yí ká méjèèjìlá, kó o máa wo ìwé tó bá ti kún, pẹ́ńsù tó bá ti kú. Ohun tó o bá rí ni kó o kọ. Mi ò tíì sọ pé mo ti dárí jì ọ́ o. Iṣẹ́ ni mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

"Má dúpẹ́. Lọ wọ bàtà."

Ó ti tó ọdún kan tó ti ń ṣe é báyìí. Bàbá a máa bi í ní ìbéèrè bí agbẹjọ́rò: irú ewé wo ló wà lórí ìkẹrin? Òkúta mélòó ló bo ìkẹsàn-án? Ọmọ Bàbá sì ń kí i nígbà tó bá débẹ̀, "Ẹ káàárọ̀, sà," kò ní fi nǹkan kan lé e. "Ẹ̀gbọ́n" ti kúrò níbẹ̀. Onítìmùtìmù kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dá a padà.

Ní oṣù tó kọjá, òjò rọ̀ láti òwúrọ̀. Ó ti yẹ mọ́kànlá wò, ó dé orí àtẹ̀gùn etí odò, ó rí omi tó ti bo òkúta ìsàlẹ̀ mẹ́rin. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀, ó tún gbé e padà sókè. Ó wọ abẹ́ igi kan, ó pe Bàbá.

"Bàbá, mi ò dé ọ̀dọ̀ kejìlá o. Omi ti kún. Orí àtẹ̀gùn ni mo dúró sí, mi ò rí nǹkan kan."

Ó gbọ́ ìmí Bàbá nínú fóònù, ó gbọ́ bí àga ṣe ń dún nídìí rẹ̀.

"Ó dáa," Bàbá wí. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó fi ẹ̀wù nu ojú fóònù, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ nínú òjò.